Àwọn Àwòrán Tí Wọ́n Ní Kí N Bò

Nígbà tó ku ọ̀la kí a ṣí àfihàn àwòrán náà, ọ̀gá ẹ̀ka wa ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Mo ní mo dúpẹ́, mo máa dúró. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò dùn ún sọ, nítorí ńṣe ló ń to àwọn bírò orí tábìlì rẹ̀, ó ń tú wọn ká, ó tún ń tò wọ́n.

"Àwòrán bíi mẹ́rin kan wà níbẹ̀," ó ní. "Àwọn obìnrin tó ń ju ẹsẹ̀ sókè yẹn, àti àwọn tó wà ní yàrá. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nibí. Ẹ bá mi fi bébà bò wọ́n."

"Ta ló ní kí a bò wọ́n, sà?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó mú bírò kan, ó tún gbé e kalẹ̀. "Ìkejì ni pé, lọ́la tí àwọn àlejò bá dé, jẹ́ kí olùkọ́ iṣẹ́ amọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Kí ìwọ jókòó sẹ́yìn. Ṣé o mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe rí. Wọn ò ní gbọ́ ohun tó ò ń sọ, ẹsẹ̀ rẹ ni wọ́n á máa wò. Àánú rẹ ló ṣe mí tí mo fi sọ ọ́."

Irú àánú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí mi. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ fi mú ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń fi àánú tì mí sẹ́yìn: ẹ̀yìn kíláàsì, ẹ̀yìn fọ́tò, ẹ̀yìnkùlé nígbà tí àlejò bá wà ní pálọ̀. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn, mo sì ti fi rìn dé ibi tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ò dé.

"Sà," mo ní, "èmi ni mo bẹ àwọn tó ni àwòrán yìí pé kí wọ́n gbé e wá sí Ọ̀yọ́. Èmi náà ni màá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Tí wọ́n bá ń wo ẹsẹ̀ mi, kí wọ́n wò ó dáadáa, torí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ."

Ó ní kí n lọ rò ó. Mo kí i, mo bá tèmi lọ. Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ rò.

Ará Faransé ni ọkùnrin tó ya àwọn àwòrán náà. Ó ti kú kí wọ́n tó bí àwọn òbí mi. Ilé ọlá ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kò lágbára. Nígbà tó wà lọ́mọdé, itan rẹ̀ kan ṣẹ́, kò pẹ́ sí i èkejì náà ṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì dàgbà mọ́. Òkè ara rẹ̀ di àgbàlagbà, ìsàlẹ̀ wà ní ti ọmọdé. Ẹṣin gígùn àti ọdẹ ni bàbá rẹ̀ fẹ́ràn, ọmọ tí kò lè gun ẹṣin kò sì jọ ọ́ lójú. Ọmọ náà mú ọ̀pá rẹ̀, ó kó lọ sí olú-ìlú wọn, ó ń jókòó sí ilé ijó àti ilé ọtí, ó ń ya àwọn tó ń jó, àwọn tó ń kọrin, àti àwọn obìnrin tí àwọn ọlọ́lá kì í kí ní gbangba.

Orí òkúta pẹlẹbẹ ló ti ń ya wọ́n. Wọ́n á fi yíǹkì sí òkúta náà, wọ́n á tẹ bébà mọ́ ọn, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní òkúta tirẹ̀. Pósítà ni púpọ̀ nínú wọn. Ara ògiri ìgboro ni wọ́n ń lẹ̀ wọ́n mọ́, bí a ṣe ń lẹ pósítà olóògbé àti ti ìsọjí mọ́ gbogbo ògiri Òwódé nílùú Ọ̀yọ́. Àwọn kan á yọ́ lọ síbẹ̀ kí lẹ́ẹ̀ tó gbẹ, wọ́n á rọra ṣí i lára ògiri, wọ́n á ká a lọ sílé.

Inú ìwé kan ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Fọ́tò rẹ̀ ni mo rí kí n tó rí iṣẹ́ rẹ̀. Ó dé fìlà, ó dúró ti ọ̀pá rẹ̀, ó kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan. Kò sí ẹni tó dúró síwájú rẹ̀. Mo wo fọ́tò náà títí tí ẹni tó ń tọ́jú ibi ìkàwé fi ní àwọn fẹ́ tilẹ̀kùn.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń gbé àwọn àwòrán rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ti pàtẹ wọn ní Èkó àti Ìbàdàn, mo ní wọn ò gbọdọ̀ fo Ọ̀yọ́ kọjá. Ìyáàfin kan láti Èkó, ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ orí, ló ń tẹ̀lé wọn káàkiri. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan férémù láìwọ ìbọ̀wọ́. Òun àti èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi la jọ gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ sínú gbọ̀ngàn.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ ṣí i, ìyáàfin náà ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n ti bò wọ́n," ó ní.

Mo wọlé. Bébà aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń di ẹrù ni wọ́n lẹ̀ bo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ti to àga àwọn àlejò sí iwájú wọn kí ojú má baà lọ síbẹ̀.

"Nínú àdéhùn wa, kò yẹ kí wọ́n bo ọ̀kankan," ìyáàfin náà ní, "ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílùú onílùú. Ẹ̀yin lẹ mọ àwọn èèyàn yín."

"Mo mọ̀ wọ́n," mo ní. "Ẹ bá mi mú ọ̀pá mi dání."

Mo fi èjìká ti ògiri, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bébà náà láti òkè. Mo rọra ṣe é, kí lẹ́ẹ̀ má baà ba férémù jẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń to àga dáwọ́ dúró. Obìnrin àkọ́kọ́ yọjú: ó wọ ìbọ̀sẹ̀ dúdú, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè láàárín yẹ̀rì funfun rẹpẹtẹ, àwọn ọkùnrin tó ń wò ó dà bí òjìji lẹ́yìn. Ibi tí mo ti ń ṣí ìkẹta ni ọ̀gá wa ti kó àwọn àlejò wọlé.

Kò lè bá mi wí níwájú wọn. Ó ní kí gbogbo wọn jókòó, ó gba àdúrà, ó wá na makirofóònù sí olùkọ́ iṣẹ́ amọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni olùkọ́ náà. Ó gbà á, ó wò mí, ó wo ọ̀gá, ó wá gbé e wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Títí di òní, wọn ò tíì fún un ní ìgbéga tó tọ́ sí i. Kò sì tíì sọ fún mi rí pé òun kábàámọ̀.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀gá mi ní tí mo bá dúró síwájú yín, ẹsẹ̀ mi lẹ máa wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó tán kí n tó bẹ̀rẹ̀."

Mo dákẹ́ lóòótọ́ kí wọ́n lè rí àyè wò ó. Àwọn kan wo ilẹ̀. Àwọn kan wo fóònù. Obìnrin àgbàlagbà kan, tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kí ó tó fẹ̀yìn tì, wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó mi orí pé kí n máa bá a lọ. Mo wá sọ ìtàn ọkùnrin náà fún wọn: bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe dẹ́kun dídàgbà, bí àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú pópó, àti bó ṣe jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tí kò lè jó ni àwọn oníjó ìlú náà ti gba àwòrán tí kò jẹ́ kí ayé gbàgbé wọn.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, obìnrin àgbàlagbà yẹn dìde, ó lọ dúró níwájú obìnrin oníbọ̀sẹ̀ dúdú.

"Kí ló dé tó gbé ẹsẹ̀ sókè tó báyìí?" ó bi mí.

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni, mà. Ohun tó ń jẹ nìyẹn."

"Ó mọṣẹ́," ó ní. Ó tún wò ó. "Ó dáa. Àmọ́ èmi ò ní gbé e kọ́ pálọ̀ mi o."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí pálọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, a bá àgádágodo gàgàrà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ tún iná ṣe. Wọ́n sì fún mi ní ìwé pé kí n wá wí tẹnu mi lórí ìwà àìgbọràn. Mo kọ èsì rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà: pé òótọ́ ni mo ṣí bébà kúrò lára àwòrán, òótọ́ ni mo gba makirofóònù, àti pé bí wọ́n bá tún bo òmíràn, màá tún ṣí i.

Ìyáàfin Èkó ti ń wá ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù rẹ̀ padà. Mo ní kó dúró. Mo ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí.

Ọjà Igbó ni màámi ti ń ta abọ́ ike láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Aládùúrà ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi di bó ṣe dà, àwọn ìyá ọjà ní kó fi mí sílé, kí n kọ́ṣẹ́ aránṣọ tí mo bá dàgbà, pé iṣẹ́ ìjókòó ló yẹ irú wa. Màámi ní ẹsẹ̀ ló mú, kò mú orí. Ó pọ̀n mí lọ sílé ìwé, ó ń pọ̀n mí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń pọn omi. Tó bá gbé mi dé ìsọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, ó máa ń fa páálí abọ́ ya fún mi, èmi á sì fi èédú ya àwọn tó ń kọjá sí i lára. Bàbá oníṣàngó kan wà ládùúgbò wa tí kì í pè mí ní arọ bí àwọn yòókù. Ẹni òòṣà ló ń pè mí, ó sì máa ń yà fún mi lọ́nà. Màámi kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ òòṣà sétí, àmọ́ bí bàbá yẹn bá ti ń bọ̀, á kúnlẹ̀ kí i.

Kò sí gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ gbà wá sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ wa ti ṣáájú wa débẹ̀. Ọkùnrin kan tí a jọ kàwé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló gbà wá. Ó ní ilé kan ní Under G, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wo bọ́ọ̀lù, páànù ló fi kan án yíká, bẹ́ǹṣì ló kún inú rẹ̀.

"Kò sí bọ́ọ̀lù láàárín ọ̀sẹ̀ yìí," ó ní. "Ẹ máa lò ó. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ irú nǹkan olówó iyebíye bẹ́ẹ̀."

Mo sọ fún un pé ilé ọtí ni wọ́n ti ya wọ́n, pé wọn kò ní ṣàárò ilé. Ìyáàfin Èkó wo páànù, ó wo ilẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kìíní. Àwọn kan rò pé a fẹ́ fi bọ́ọ̀lù hàn. Wọ́n rí àwòrán, wọ́n dúró. Wọ́n ń fi fóònù ya ara wọn pẹ̀lú akọrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ dúdú gígùn. Onídìrí kan láti ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ wá wo àwòrán obìnrin kan tó tẹ̀ síwájú bàsíà omi, tó ń fọ ara rẹ̀, tó kẹ̀yìn sí wa. Ó ní, "Ẹ wò bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó," ó sì padà lọ mú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá. Obìnrin tó ń wẹ̀ yẹn wà lára àwọn tí wọ́n bò ní Ọ̀yọ́.

Ó di ọjọ́ Wẹ́sidé, màámi ti ṣọ́ọ̀ṣì wá. Ó ṣì wọ sútánà funfun rẹ̀, kò wọ bàtà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde fún un ní bẹ́ǹṣì iwájú. Fọ́tò ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ wò.

"Òun náà nìyí?"

"Òun ni, màámi."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Mi ò rò pé ohun tó máa bèèrè nìyẹn. Mo ní, "Ìyá rẹ̀ ò fi í sílẹ̀. Nígbà tí ọtí ti ba ara rẹ̀ jẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló padà sí, ibẹ̀ ló kú sí. Kò tíì pé ogójì ọdún."

Màámi fi ọwọ́ bo orúnkún rẹ̀. "Ìyá náà ló sin ín?"

"Òun ló sin ín. Àwọn àwòrán tó fi sílẹ̀, ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó rí i pé wọ́n rí ilé gbé, ní ìlú tí wọ́n ti bí i."

"Ó ṣeun," màámi ní, bíi pé obìnrin náà wà níwájú rẹ̀. Ó wá ní kí n mú òun yíká, kí n má fo ọ̀kankan. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ oníbọ̀sẹ̀ dúdú, ó ní obìnrin náà ò mọ̀ pé òtútù ń mú òun. Ó sì padà lọ jókòó.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí bàbá àgbà ìjọ wọn kan wọlé, tòun ti súplì, ẹ̀wù àwọn olóyè ìjọ, lọ́rùn. Ẹnìkan ti lọ bá a pé ọmọ ìyá ìjọ kó àwòrán ìhòòhò wá sí Under G.

"Ìyá," ó ní, "wọ́n ní ẹ wà níbí, mo ní irọ́ ni."

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Kì í ṣe irọ́. Ẹ jókòó."

"Ibi tí obìnrin ti ṣí yẹ̀rì sókè ni kí n jókòó sí?"

"Ibi tí ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ni."

"Aṣọ funfun wà lọ́rùn yín, ìyá."

"Ó wà lọ́rùn mi nígbà tí mo ń pọ̀n ọ́n re ilé ìwé náà," màámi ní. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀ ń rí wa lọ́nà nígbà yẹn. Ẹ ò ní kí n bọ́ ọ."

Bàbá yẹn ò jókòó, kò sì wo àwòrán kankan. Ó ní, "A ó ríra ní ṣọ́ọ̀ṣì," ó jáde.

Wọ́n ríra lóòótọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè wọ́n ní kí màámi sinmi nínú ipò aṣáájú àwọn obìnrin aládùúrà, kó sì lọ máa jókòó lẹ́yìn. Ó sọ fún wọn pé wọ́n lè gba ipò, torí àwọn ni wọ́n fún òun. Ó wá lọ jókòó síwájú, ní ibi tó ti ń jókòó láti ọjọ́ yìí wá, kò sì sí ẹni tó lè fà á dìde. Ibẹ̀ ló ń jókòó títí di báyìí. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, mo ń sunkún. Ó ní kí n nu ojú mi, pé òun kì í ṣe òkú.

Títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí, ẹsẹ̀ èèyàn ò dá nílé páànù yẹn. Ìyáàfin Èkó jẹ́wọ́ fún mi nígbà tí a ń di ẹrù pé kò sí ìlú tí wọ́n ti jókòó pẹ́ níwájú àwọn àwòrán náà tó bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ǹṣì ló fà á. A rẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

Èmi padà sí Ọ̀yọ́. Wọn ò lé mi, nítorí kò sí òfin tí mo rú. Ṣùgbọ́n nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti gbé kíláàsì mi kúrò nísàlẹ̀ lọ sí àjà òkè pátápátá. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀, mi ò sì bèèrè. Mo gùn ún. Mo fi ọ̀pá mi gun àtẹ̀gùn náà ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ títí abíyá mi fi bó, mi ò sì pẹ́ dé kíláàsì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo wo òkè, mo sì bi ara mi léèrè pé ta ni mò ń gùn ún fún. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó pátákó ìyàwòrán wọn sọ̀ kalẹ̀. A kó àga lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí fèrèsé ọ́fíìsì ọ̀gá wa gan-an. Mo jókòó láàárín wọn, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ti gígùn àti ti kúkúrú. Mo ní kí wọ́n yà mí bí mo ṣe rí, ẹni tó bá fi ìtìjú tún un ṣe yóò tún un yà.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá jáde sí wa.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Iṣẹ́ ni mò ń kọ́ wọn, sà."

"Òkè ni kíláàsì yín wà."

"Ìmọ́lẹ̀ ibí dáa jù, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, ẹ ti dúró sójú ìmọ́lẹ̀ wọn."

Ó wò mí, ó wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn ti ṣí bébà tuntun, ó ti ń ya òun náà bó ṣe dúró, tọwọ́ nínú àpò. Ọ̀gá sún kúrò lójú ìmọ́lẹ̀, ó wọlé lọ. Abẹ́ máńgòrò la wà láti ìgbà náà. Tí òjò bá dé, a ó kó àga wa sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀, a ó máa bá iṣẹ́ lọ níbẹ̀.